Orúkọ Tí Ẹ Gbé Dé Àkúrẹ́

Iye mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú òjò tí mo gbọ́ pé kò jẹ́ kí ẹ gbádùn oko lọ́sẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Yola níbí, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀, ọmọ sì wà lẹ́yìn mi tó ń fa irun mi. Mo kí Bàbá Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá wa, mo ní kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kí gbogbo ìyá ìjọ, ẹni tó bá yín kẹ́dùn àti ẹni tó fi yín rẹ́rìn-ín. Mo kí Dáre, àbúrò mi, ẹni tí fóònù rẹ̀ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Dáre, mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá ka lẹ́tà yìí fún Iye. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́, má fo ibi tí mo ti bú ọ o.

Iye, ẹ má bínú pé ojú ọjà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ilé. Kì í ṣe pé n kò mọ̀wà hù. Mo pe fóònù yín títí, ẹ kò gbé e. Mo pe ti Dáre, ó ní ẹ ń sùn. Ọ̀sán gangan! Ẹ̀yin tí n kò rí kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án rí, àfi ìgbà tí ibà dá yín dùbúlẹ̀. Mo tún pè, ó ní ẹ wà ní balùwẹ̀. Mo pè lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ẹ wà lóko, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn yín tí ẹ ń lé ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìwé ìròyìn ìjọ wa ń tẹ lẹ́tà àwọn ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ jáde, mo ní ó tán. Àárín èrò ni wọ́n ti fi yín rẹ́rìn-ín, àárín èrò náà ni n ó ti ṣàlàyé.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí tí kò mọ̀ mí, Mobọ́láńlé ni orúkọ mi, ọmọ Òde-Ayé ni mí. Pápákọ̀ òfurufú Yola ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wo ojú ọjọ́. Iṣẹ́ wa ni kí á máa wo ìkùukùu àti atẹ́gùn, kí á wo bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, kí á sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń wa bààlúù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún Iye, ìyá mi, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n tún ń sanwó fún ẹni tó ń wo òkè ni. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tiwọn ti pọ̀ nílẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wo òkè kí àwọn tó sá láfún. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí wọn kò sọ fún ní gbogbo Òde-Ayé pé ọmọ àwọn wà nílé bààlúù.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó máa wẹ ọmọ. Ẹ̀yin ni. Èmi àti ọkọ mi sì ti ṣètò rẹ̀ dáadáa: Dáre á mú yín dé Àkúrẹ́, ẹ ó wọ bààlúù lọ sí Àbújá, ọkọ mi á ti dúró dè yín níbẹ̀, ẹ ó sùn mọ́jú, lọ́jọ́ kejì ẹ ó jọ wọ òmíràn wá sí Yola. Ọmọ ló kọ̀ tí kò dúró de ètò. Ó yọjú ṣáájú ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì dá fún wa. Ọkọ mi pe ilé, ó ní Iye, ẹ ti di ìyá àgbà o, obìnrin ni. Wọ́n ní ariwo tí ẹ pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lọ́jà gbọ́ ọ.

Ẹ kò lè dúró de ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ kò sọ fún wa pé ẹ ti ń gbéra. Ẹ bi Dáre pé báwo ni Yola yìí ṣe jìnnà tó gan-an. Dáre, ọ̀gá olóye, tẹ fóònù. Fóònù ní láti pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ dé ti Yola, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin kìlómítà, bààlúù á fi wákàtí kan àti díẹ̀ fò ó. N kò ní pè é ní irọ́. Èmi náà ti wò ó lórí fóònù tèmi, ohun kan náà ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbọ́ wákàtí kan àti díẹ̀, ẹ gbàgbé ti Àbújá, ẹ rò pé bí ẹni ń lọ Igbókòdá lọ ra ẹja ni. Dáre sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú yín. Ọmọ tó lọ sí yunifásítì! Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ṣe rí ayọ̀ lójú yín, òun kò ráàyè ronú mọ́.

Ẹ jí, ẹ dáná. Ẹ ro pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa tí a fi èéfín gbẹ, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ tò ó sínú kúlà oúnjẹ. Ẹ se marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí a fi ń tún inú ìyá ọmọ ṣe nílẹ̀ wa, ẹ kó ẹja gbígbẹ sí i, ẹ dé e pa. Dáre ní ẹ ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé kó yára, pé ẹ fẹ́ kí ọbẹ̀ náà ṣì gbóná fẹlifẹli nígbà tí èmi bá ṣí i. Ẹ kò mú ju ìró méjì lọ. Ẹ sọ fún ìyá tó ń ta epo ní ojúlé kejì pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá ti wẹ ọmọ tán, ẹ máa pè é kó gbọ́ igbe rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ẹ dé pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ bí ẹni dé gáréèjì. Ẹ ń wá ẹni tó ń pe èrò, ẹ kò rí i. Ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé Yola dà, èèyàn mélòó ló kù kó kún. Wọ́n ní Màmá, kò sí bààlúù tó ń ti ibí lọ sí Yola. Ẹ ní kí wọ́n má fi àgbàlagbà ṣeré, ó wà nínú fóònù. Wọ́n ní Àbújá tàbí Èkó lẹ máa kọ́kọ́ lọ, pé tíkẹ́ẹ̀tì sì dà. Ẹ ní ó dáa, ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Yola, kí wọ́n pè é, ó máa bá wọn sọ ọ́. Wọ́n pè mí, Iye. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n fi fóònù ara wọn pè mí, wọ́n pe ọkọ mi. Iná kò sí ní àdúgbò wa láti àná ọjọ́ náà, fóònù àwa méjèèjì ti kú. Mo nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oorun gbé mi lọ. N kò mọ̀ pé ìyá mi jókòó sórí àga irin ní Àkúrẹ́, tó gbé kúlà lé itan, tó ń retí kí n wí nǹkan kan.

Dáre ní bààlúù kan balẹ̀ nígbà tí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ tún ìró ró. Àbújá ló ń lọ, èrò rẹ̀ sì ti pé. Ẹ wò ó títí tó fi gbéra. Ẹ wá sọ fún Dáre pé kó jẹ́ kí ẹ máa lọ ilé. Ẹ kò bú u. Ó ní ì bá sàn kí ẹ bú òun. Nígbà tí ẹ délé, ẹ da ọbẹ̀ náà sẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin, Iye! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi omi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ mu kí epo má ba à ṣòfò. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ da marúgbó nù, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bààlúù, pé ẹ kò ní lo tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ẹnìkan ní ṣé ẹ ti lọ ẹ ti dé náà nìyẹn, bààlúù mà yára o. Òmíràn ní ọmọ ń ṣiṣẹ́ nílé bààlúù, ìyá rẹ̀ kò rí bààlúù wọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo pa fóònù nítorí pé n kò fẹ́ kí ìyá mi tó ń ta pupuru wá fi èéfín kún ilé mi. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èéfín pupuru ló rán mi lọ sí ilé ìwé. Bí mo bá rí ẹni tó lè bá mi di òórùn rẹ̀ sínú ìgò ránṣẹ́ sí Yola, màá sanwó rẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ara rẹ̀, mo sì ti kí i lókè, n kò ní tún un kí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo ń sunkún lé lórí, kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu ẹ̀yìn. Orúkọ ni. Ní ìdílé tiwa, bí ọmọbìnrin bá bí àkọ́bí rẹ̀ ní obìnrin, ìyá rẹ̀ ló ń fún ọmọ náà ní orúkọ tí ilé ìyá máa pè é, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Etí ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyá àgbà á gbé ẹnu lé etí ọmọ, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbójú sókè sọ ọ́ fún ilé. Bí ìyá yín ṣe sọ tèmi nìyẹn. Ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ rọbí mi, ẹ kò mọ ohun tí mo ń jẹ́, àfi ìgbà tí èmi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti gbọ́ ọ tán. Nítorí náà, nígbà tí ẹ gbé kúlà lọ sí Àkúrẹ́, orúkọ ọmọ mi wà lẹ́nu yín. Ẹ gbé e dé ibi tí bààlúù wà, ẹ sì gbé e padà sí Òde-Ayé.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Bàbá ọmọ sọ tirẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ti rán tiwọn wá. Pásítọ̀ bi mí pé ti ìyá ìyá ńkọ́. Mo ní ó ń bọ̀ báyìí. Mo pe Dáre, ó gbé fóònù fún yín, ẹ sì gbà á lọ́jọ́ náà, ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yín kẹ́yìn ní tààrà nìyẹn. Mo ní Iye, fóònù ti wà létí ọmọ, ẹ sọ ọ́. Ẹ bi mí pé ta ló di fóònù náà mú. Mo ní èmi ni. Ẹ ní ṣé etí tèmi dí ni, tí n kò fi ní gbọ́ ọ. Ẹ wá ní fóònù tó tàn yín lórí ọ̀nà, ẹ kò ní fi orúkọ ọmọ rán an níṣẹ́. Ẹ sì pa á. Gbogbo ilé ń wò mí. Pásítọ̀ gbàdúrà, a jẹ oyin, a jẹ iyọ̀, wọ́n fi àyè tiyín sílẹ̀.

Àyè náà ṣì ṣófo títí di òní. Wọ́n ń fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ pè é ní ibi gbogbo, orúkọ dáadáa ni, n kò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá ku èmi àti òun, Ọmọ Iye ni mo ń pè é. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí à bá wò, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa.

Iye, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí fóònù Dáre wí, nítorí ẹ̀yin gan-an lẹ ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí odò tó wà láàárín oko wa àti oko Bàbá Jónà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń rán mi sí òdì kejì kí n lọ bá ìyàwó rẹ̀ ha ẹ̀yìn pupuru tí iná ti sọ di dúdú. Tí oúnjẹ bá jinná, ẹ ó dúró létí odò, ẹ ó pè mí. Èmi á dáhùn. Mo ń rí ìborùn yín, mo ń rí èéfín iná yín, ohùn yín kò pẹ́ rárá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí èmi tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo ní láti gba inú oko kòkó, kí n yọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí n gun orí afárá, kí n tún máa tẹ̀ lé etí odò padà bọ̀. Oúnjẹ á ti tutù. Ẹ kò bínú sí mi rí. Tí Dáre bá ń sunkún pé ebi ń pa òun, ẹ máa ń ní kó dákẹ́, pé ẹni tó bá ti dáhùn ti ń bọ̀. Ẹ ó sì dé tèmi pa.

Ohun tí fóònù náà wọ̀n nìyẹn, Iye. Ibi tí ohùn ń gbà ló wọ̀n, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ó na okùn láti Àkúrẹ́ sí Yola bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó ní tí bààlúù bá wà lójú okùn yìí, iye àkókò tó máa lò nìyí. Kò bèèrè bóyá bààlúù kankan ń gba ibẹ̀. Afárá wa, Àbújá ló wà. Ó dùn mí pé kò sí ẹnikẹ́ni tó rántí sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ ń ro pupuru.

Ẹ má rò pé a kò rẹ́ni wẹ ọmọ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wà lọ́jà tèmi, Fúlàní ni, aládùúgbò wa, Màmá Hawa là ń pè é. Ó gbọ́ pé ìyá mi kò lè dé mọ́, kò bi mí ní nǹkan kan, ó gbé omi ka iná. Ó wẹ ọmọ tán, ó kọjú sí èmi. Níbí, wọ́n á ki ewé dóńgóyárò bọ omi gbígbóná, wọ́n á máa fi lu ìyá ọmọ lára. Yéè! Mo ké pè yín títí ohùn mi fi há. Ó ní kí n fara dà á, pé tí ìyá mi bá wà níbí, kò ní ṣàánú mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ó po kunu fún mi, ata inú rẹ̀ ta mí lẹ́nu, mo mu ún. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí roboto, ojú ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Yola kò burú, Iye. Ó gbóná ni. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, omi inú táǹkì máa ń gbóná bí èyí tí a gbé ka iná, a ó sùn síta, a ó máa fi páálí fẹ́ ọmọ. Ẹja wà lọ́jà wọn, ẹja odò tó tóbi, ṣùgbọ́n kò sí pupuru, bí mo bá sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní kí ló dé tí ẹ fi ń jẹ ohun tó ti jóná. Owó oṣù ń wọlé, ó ń jáde, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí níbi gbogbo. Ohun tó ń ṣe mí jù ni pé kò sí ẹni tí mo ń bá sọ Ìkálẹ̀. Ọkọ mi ọmọ Ìbàdàn ni, tí mo bá sọ ọ́ sí i, á ní kí n tún un sọ. Ọmọ nìkan ni mo ń sọ ọ́ sí. Á wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń retí kí n dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ mi ló wá ń dá mi lóró. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo bààlúù tó ń gbéra. Mo mọ ibi tí gbogbo wọn ń lọ. Kò sí èyí tó kọ ojú sí yín.

Ní Kérésìmesì, a ní à ń bọ̀. Ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n sọ fún yín pé Mobọ́láńlé tún ti já yín kulẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọkọ mi àti ọmọ jókòó sí ibi tí èrò ti ń dúró, báàgì wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọmọ wọ bàtà tuntun. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo bá ti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo máa lọ bá wọn. Ọyẹ́ dé. Kì í ṣe irú ọyẹ́ ilé wa tó kàn ń mú ètè bó. Eruku aṣálẹ̀ ni, ó bo òkè, ó bo igi, òpó tí a fi ń mọ bí ojú ṣe ríran tó kò hàn mọ́. Mo jáde lọ wò ó, mo wọlé, mo tún jáde. Mo bẹ eruku, Iye. Mo ní kó ṣíjú àánú wò mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo sọ fún wọn, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló kún inú bààlúù tó ń bọ̀. Bààlúù náà kò balẹ̀, ó yí padà sí Àbújá. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá ara mi dúró. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ó ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Eruku náà kò ká nílẹ̀ títí ìsinmi mi fi parí.

Òjò ti wá fọ ojú ọ̀run báyìí. Mo ti gba ìsinmi mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́. A ó gba Àbújá, a ó sùn níbẹ̀, a ó wọ ti Àkúrẹ́, a ó gba Oǹdó, a ó yọ sí Òrè, a ó dé Okitipupa, a ó wá sí Òde-Ayé. Dáre ní òun sọ ọ́ fún yín, ẹ sì ní tí mo bá wọlé láti iwájú, ẹ̀yin á gba ẹ̀yìn lọ sí oko. Iye, orúnkún wo lẹ fẹ́ fi sáré? Ẹ̀yin tí ẹ ń di ògiri mú dìde. Mo ń fi yín ṣeré o, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo lè fara da ọ̀nà. N kò lè fara dà á kí n gbé ọmọ yìí dé iwájú ilé wa kí n bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Ohun tó lọ ti lọ, mo mọ̀. Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Kò sí ẹni tó lè dá ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ padà fún yín. Èyí tí mo ń gbé bọ̀ ti ní eyín, ó ti ń di àga mú dìde, tí ẹ bá gbé ẹnu sí etí rẹ̀, á fa gèlè yín já. Kò mọ ohùn yín rí. Ó mọ ohùn Màmá Hawa, ó mọ ohùn bààlúù, kò mọ tiyín, èyí sì ni ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè orúkọ ṣì wà. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, èmi á jáde síta, màá dúró lẹ́yìn ilé níbi tí ẹ da ọbẹ̀ sí, kí ó má ba à jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Orúnkún yín á le, ojú yín á mọ́lẹ̀, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ ọmọ. Iná kò ní kú lábẹ́ àjà pupuru yín. Bàbá Sámúẹ́lì á pẹ́ fún wa. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á fún òun náà ní ọmọ ọmọ tó máa wẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyá elépo, ẹ sọ fún un pé á gbọ́ igbe náà láìlo fóònù. Ọkọ mi kí yín, Màmá Hawa ní kí n kí yín dáadáa.

Ẹ má ro pupuru títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn wa lẹ́nu ọ̀nà, kó má ba à tún tutù. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ kí a tó dé. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Dáre. Ẹ má sọ orúkọ ọmọ, n kò bèèrè rẹ̀. Ẹ kàn pe èmi, bí ẹ ṣe máa ń pè mí létí odò. Kí ọmọ gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí, kó má ba à sá fún yín.

Tí ẹ kò bá sì pè, mo ti dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín, tó ti wà lórí afárá,

Mobọ́láńlé